Ammini, Obìnrin Tí Òrìṣà Ń Gùn Nínú Fíìmù

Ìgbà àkọ́kọ́ tí òrìṣà gun Ammini, abọ́ ìrẹsì kan àti ọbẹ̀ ẹja ni wọ́n fi bẹ̀ ẹ́. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni nígbà náà. Àwọn onífíìmù ti kó dé sí ilé ńlá àtijọ́ kan létí odò Nila, lápá Ottapalam, gbogbo abúlé sì tú jáde lọ wòran. Ammini ń bọ̀ láti ibi tó ti lọ pa koríko fún màlúù rẹ̀. Ó sọ ẹrù koríko náà kalẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, ó ní kí òun wò díẹ̀ kí òun tó relé.

Obìnrin tó yẹ kó ṣe ẹni tí òrìṣà gùn lọ́jọ́ náà kò dé. Wọ́n ní ọkọ̀ tó gbé e láti Thrissur ti kú sójú ọ̀nà. Olùdarí fíìmù náà, ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní Jayadevan, bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú àwọn obìnrin tó ń wòran lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń ṣa àgbọn lọ́jà. Nígbà tó kan Ammini, ó dúró.

"Ìwọ, ṣé o lè gbọ̀n?"

"Kí n gbọ̀n báwo, ọ̀gá?"

"Bí ẹni tí Ìyá Bhagavathi gùn. Àbí o ò rí i rí ni?"

"Mo ń rí i lọ́dọọdún lójúbọ. Ìyá ọkọ mi gan-an, ó máa ń gùn wọ́n, pàápàá tí mo bá fi iyọ̀ púpọ̀ sọ́bẹ̀."

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Jayadevan kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n tú irun Ammini sílẹ̀, wọ́n kun iwájú orí rẹ̀ ní ìyẹ̀fun pupa, wọ́n fi ìdì ewé dọ́ńgóyárò lé e lọ́wọ́. Ó di ojú. Kò rántí òrìṣà kankan. Màlúù tí ebi ń pa nílé ló rántí, àti ọkọ rẹ̀ tó ti mutí sùn, àti ọmọ rẹ̀ kan tí kò sí mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó gbọ̀n títí ewé ọwọ́ rẹ̀ fi re tán, ó sì ké igbe kan tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé ó wà nínú òun. Nígbà tó la ojú, ọkùnrin tó gbé iná kámẹ́rà ti pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀ láyà, ó ń wúre sábẹ́lẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, Ammini ríṣẹ́. Fíìmù tó bá ti ní ẹni tí òrìṣà gùn, tàbí ìyá arúgbó tó ń gégùn-ún fún èèyàn ní oríta, wọ́n á ránṣẹ́ wá pè é. Nǹkan bí ogún ọdún ló fi ṣe é. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ nínú àwọn fíìmù náà. Á gbọ̀n, á figbe ta, á nawọ́ sí ẹnì kan, ó parí. Iṣẹ́ yìí ń fa ejìká rẹ̀ ya, ní alẹ́ ó máa ń fi epo àgbọn gbígbóná ra á kó tó lè sùn.

Ohun tó fẹ́ràn nínú wọn ni ìparí. Gbogbo fíìmù náà fẹ́ẹ̀ parí bákan náà. Tíṣà kan á dé láti ìlú mìíràn, tàbí dókítà ọ̀dọ́ kan tó wọ awò ojú, á sì tú àṣírí. Iwin tó ń rìn nínú ilé kì í ṣe iwin, àbúrò bàbá ni, ilẹ̀ ló ń wá. Aláwo tó ń gba ewúrẹ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn, olè ni. Ọmọ tí wọ́n ní ẹ̀mí àìrí ń dà láàmú, àìsàn ló ń ṣe é, oògùn sì wà. Ammini máa ń dúró sẹ́yìn kámẹ́rà, kó lè gbọ́ ọ̀rọ̀ dókítà náà dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọkùnrin tó ń ṣe dókítà kò mọ ju ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé fún un lọ.

Ó ní ìdí. Ọmọ rẹ̀ kejì, ọkùnrin, ibà mú un nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méjì. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní ojú burúkú ló wò ó. Wọ́n so òwú dúdú mọ́ ọn lọ́wọ́, wọ́n ń da èéfín ata gbígbẹ bò ó fún ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko. Ní ọjọ́ kẹwàá ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ọkọ̀ tó máa gbé e dé ọsibítù. Ọkọ̀ náà dé, ṣùgbọ́n ọmọ kò dúró dè é. Ammini kì í sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ẹnikẹ́ni.

Àwọn onífíìmù pàápàá, bí wọ́n ṣe ń bú ìgbàgbọ́ asán tó nìyẹn, kí kámẹ́rà tó ṣiṣẹ́ láàárọ̀, wọ́n á fọ́ àgbọn mọ́lẹ̀, wọ́n á to ọsàn wẹ́wẹ́ sábẹ́ táyà ọkọ̀ láti lé ibi lọ, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ sín. Lọ́jọ́ kan, Ammini bi Jayadevan léèrè.

"Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ ní kí dókítà yẹn sọ pé irọ́ ni gbogbo ẹ̀."

"Ìyẹn ti fíìmù ni, Ammini."

"Ọsàn tó wà lábẹ́ táyà ńkọ́?"

"Ìyẹn ti iṣẹ́ ni. Lọ jókòó."

Ammini lọ jókòó.

Ọdún tó pé ẹni àádọ́ta, ọkọ rẹ̀ ti kú, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, Lathika, sì ti lọ́kọ lọ sí Coimbatore. Òun nìkan ló kù nílé pẹ̀lú màlúù. Ọdún náà ni Kunjappu tó ń ta tíì ra tẹlifíṣọ̀n sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ní ọjọ́ Sunday, láago mẹ́rin ọ̀sán, gbogbo abúlé á kó jọ síbẹ̀ wo fíìmù tí ìjọba bá fi hàn. Lọ́jọ́ kan, fíìmù Ammini ni. Wọ́n rí i níbi tó ti ń gbọ̀n. Wọ́n rí i níbi tó ti na ìka sí ilé ẹnì kan, tí omi kànga ilé náà sì di ẹ̀jẹ̀. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti kún kànga náà ni iná ti lọ, nítorí láago mẹ́fà ààbọ̀ ni wọ́n ń mú iná lọ ní gbogbo àgbègbè wọn lásìkò náà. Ìgbà tí iná fi dé, ìròyìn ló kù tí wọ́n ń kà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ammini lọ sí odò kékeré tí wọ́n ti ń fọṣọ. Àwọn obìnrin sún fún un. Kì í ṣe sísún tí èèyàn ń sún fún àgbà. Gbogbo wọn ló kó aṣọ wọn, wọ́n fi òkúta mẹ́rin sílẹ̀ láàárín òun àti àwọn. Nígbà tó gbé wàrà dé ibi tí wọ́n ti ń rà á, akọ̀wé tó ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láràárọ̀, tó máa ń bá a ṣeré pé màlúù rẹ̀ sanra ju òun lọ, kò gbójú sókè.

Ó lọ bá Kunjappu. "Ẹ ò wo ìparí fíìmù yẹn ni?"

"Iná lọ, Ẹ̀gbọ́n."

"Dókítà kan wá ní ìparí. Àwọ̀ ni wọ́n dà sínú kànga yẹn. Dókítà yẹn sọ fún gbogbo ìlú pé irọ́ ni."

Kunjappu nu ife tíì kan títí, ó tún un nù. "Ẹ̀gbọ́n Ammini, ẹ má bínú o. Dókítà yẹn, fíìmù nìyẹn. Ṣùgbọ́n gbígbọ̀n tí ẹ gbọ̀n yẹn, ojú ara wa la fi rí i."

Ammini wò ó. Ó mu tíì dúdú rẹ̀ tán, ó lọ sílé. Láti ìgbà náà lọ, tí àgbọn ẹnì kan bá ti ń re dànù láìgbó, tí adìyẹ ẹnì kan bá ti kú, ojú á kọ́kọ́ yí sí ilé rẹ̀ ná. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ sí i létí. Wọ́n ń kí i, wọ́n tilẹ̀ ń kí i ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ìyẹn ló rẹ̀ ẹ́ jù.

Ilé tó fara ti tirẹ̀, tí ọgbà igi wẹ́wẹ́ nìkan là wọ́n láàárín, ilé Sukumaran ni. Gígun igi àgbọn ni iṣẹ́ Sukumaran. Vilasini ni ìyàwó rẹ̀, Renju lọmọ wọn kan ṣoṣo, ọmọdébìnrin ọdún méjìlá tó máa ń ka ìwé sókè bí ẹni ń kéde. Màmá Cheeru, ìyá Sukumaran, ló ń pàṣẹ nílé náà.

Lọ́jọ́ kan, Renju ṣubú ní ilé ìwé. Ojú rẹ̀ yí, ẹnu rẹ̀ ń hó, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ń já. Láàárín oṣù kan, ó ṣubú nígbà márùn-ún. Wọn kò jẹ́ kó lọ sílé ìwé mọ́. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ aláwo kan lódì kejì odò, Velukkutty. Ó ní iwin obìnrin kan tó kú pẹ̀lú oyún ló wà lára ọmọ náà, ẹgba nìkan ló sì ń gbọ́. Ó ń wá láràárọ̀ ọjọ́ Tuesday àti Friday pẹ̀lú pàṣán.

Láti ẹ̀yìn ọgbà ni Ammini ti ń gbọ́ igbe. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó lọ.

"Màmá Cheeru, ẹ jọ̀ọ́, wárápá ni nǹkan tó ń ṣe ọmọ yìí. Ọsibítù ìjọba wà ní Thrissur, wọ́n ní oògùn ẹ̀."

Màmá Cheeru ń rún ewé àti èso tí wọ́n ń jẹ bí obì lẹ́nu, kò dúró. "O tiẹ̀ mọ orúkọ ẹ̀."

"Mo gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn dókítà ni."

"Dókítà inú fíìmù!" Ó tutọ́ pupa sílẹ̀. "Ẹni tó bá fi nǹkan pamọ́ ló máa ń mọ ibi tó wà. Ammini, ọwọ́ mi rèé, mo fi bẹ̀ ọ́. Tó bá jẹ́ nítorí ẹ̀ka máńgòrò rẹ tí Sukumaran gé lọ́jọ́sí ni, tú ọmọ mi sílẹ̀."

Ammini dúró bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Vilasini wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò lè wò ó. Ammini yí padà, ó gba ọ̀nà tó gbà wá lọ sílé.

Ní Thursday kan, Vilasini wá síbi ọgbà, ó ṣe bí ẹni ń sá aṣọ. Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, Velukkutty ní iwin yẹn le. Ó ní lọ́la, irin gbígbóná lòun máa fi lé e jáde. Ní àtẹ́lẹsẹ̀."

"Ìwọ ńkọ́, kí lo wí?"

"Ta ni mo jẹ́ tí mo fi máa wí nǹkan?"

Ammini jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ títí oòrùn fi ń rọ̀. Tíṣà kankan kò dé láti ìlú mìíràn. Dókítà kankan kò gba ojú ọ̀nà náà kọjá. Nígbà tí wọ́n ń tan fìtílà ìrọ̀lẹ́ káàkiri àwọn ilé, ó dìde, ó tú irun rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ìyẹ̀fun pupa kun iwájú orí, ó ya ẹ̀ka dọ́ńgóyárò ẹ̀yìnkùlé. Orúnkún rẹ̀ ń dùn ún. Ó ya ọgbà kọjá, ó bọ́ sí àgbàlá Sukumaran, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Igbe tó ké, wọ́n gbọ́ ọ dé ṣọ́ọ̀bù tíì. Sukumaran tó ń pọ́n àdá sọ àdá sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Màmá Cheeru kúnlẹ̀, ewé ẹnu rẹ̀ jábọ́.

"Ta ló na ọmọ mi?" ni Ammini wí, ohùn rẹ̀ ti nípọn. "Ta ló gbé pàṣán wọ ilé mi? Ọmọ yìí, èmi ni mo ni ín!"

"Ìyá, ẹ foríjì wá! Kí la ó ṣe, Ìyá?"

"Ẹni tó bá fi irin kàn án, irin ni yóò jẹ! Ẹ gbé e lọ sí Thrissur. Ilé ńlá tí àwọn aláṣọ funfun wà. Ìránṣẹ́ mi ni wọ́n. Ohun tí wọ́n bá fún un, kó máa lò ó láàárọ̀, kó máa lò ó lálẹ́. Mo ti wí!"

Màmá Cheeru ń gbọ̀n ju Ammini lọ. "Ìyá, ìgbà wo ni ká lọ?"

"Lọ́la! Bọ́ọ̀sì aago mẹ́jọ!" Ammini yí po lẹ́ẹ̀mejì, ó rántí pé ọsibítù máa ń béèrè káàdì tí ìjọba fi ń pín oúnjẹ. "Ẹ mú káàdì ráṣọ̀n dání!"

Ó ṣubú lulẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, apá òsì kọ́kọ́ kanlẹ̀. Nígbà tó dọ́dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ó bọ́jú, ó fa omi mu, ó jókòó. Ó rò pé inú òun á dùn. Kò dùn. Ó dà bí ẹni tó ru ẹrù ẹlòmíràn délé tí kò sì rí ibi sọ̀ ọ́ sí.

Wọ́n mà lọ o. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n fún un ní oògùn oníhóró. Velukkutty dé lọ́jọ́ náà, ó bá ilẹ̀kùn ní títì. Oṣù kan kọjá, Renju kò ṣubú. Oṣù mẹ́ta, oṣù mẹ́fà. Ó padà sílé ìwé, ó tún ń ka ìwé sókè, Ammini á sì dúró lẹ́yìn ọgbà, á máa gbọ́.

Ṣùgbọ́n ìròyìn kì í jókòó sílé. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí ilé Ammini, láti abúlé, láti Pattambi, láti Shoranur. Obìnrin tí kò rọ́mọ bí, ó ní kó lọ bá dókítà, kó mú ọkọ dání. Ọkùnrin tí igi ata rẹ̀ ń kú, ó ní kó lọ bá òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba. Wọ́n á fi òdòdó àti àgbọn sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á lọ. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n pọ̀ débi tí màlúù kò rí ọ̀nà jáde, ó jáde sí wọn.

"Ẹ gbọ́, gbogbo yín. Kò sí nǹkan kan lára mi. Iṣẹ́ ni mo fi ń ṣe. Nínú fíìmù ni mo ti kọ́ ọ."

Ìyá arúgbó kan wo ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ẹ rí bí wọ́n ṣe ń rẹra wọn sílẹ̀? Ẹni tó ní i kì í sọ pé òun ní i." Wọ́n tún tẹ́ríba.

Ammini wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Ọdún fẹ́rẹ̀ẹ́ yí. Lọ́jọ́ àjọ̀dún ojúbọ, Màmá Cheeru kó gbogbo ilé jọ, ó ní Renju ti sàn, Ìyá Bhagavathi ti wò ó, kí ni wọ́n tún ń fi oògùn òyìnbó dójú ti Ìyá fún? Ọpẹ́ kọ́ nìyẹn, àìnígbàgbọ́ ni. Wọ́n kó oògùn tó kù, wọ́n dà á sódò Nila pẹ̀lú òdòdó. Ammini kò sí nílé lọ́jọ́ náà, ó lọ kí ọmọ rẹ̀ ní Coimbatore. Ọjọ́ kọkàndínlógún lẹ́yìn èyí, Renju ń yí ìrẹsì lórí iná fún ìyá rẹ̀, ó sì ṣubú sínú ààrò.

Igbe Vilasini ni Ammini gbọ́. Ó fi ọgbà ya aṣọ rẹ̀ kó tó dé ọ̀hún. Wọ́n ti fa ọmọ náà jáde, ọwọ́ òsì rẹ̀ ti jóná dé ìgbúnwọ́. Bí wọ́n ṣe rí Ammini, Vilasini àti Màmá Cheeru ló kúnlẹ̀ fún un, wọ́n fi ọmọ sílẹ̀ nílẹ̀.

"Ìyá, kí la ṣe? Kí ló bí yín nínú?"

Wọ́n ń retí kó gbọ̀n. Ammini mọ̀ ọ́n lójú wọn. Ohun tó sì bà á lẹ́rù jù ni pé ejìká rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n fúnra rẹ̀, bí màlúù tó mọ ọ̀nà ilé. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ara rẹ̀ mú.

"Ẹ dìde," ló wí. "Ẹ dìde, ẹ wá omi tútù. Sukumaran, sáré pe ọkọ̀. Kò sí Ìyá kankan níbí."

Òun fúnra rẹ̀ ló gbé ọmọ náà lé itan nínú ọkọ̀ dé Thrissur. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ni wọ́n lò ní ọsibítù. Vilasini ń sùn sí apá kan bẹ́ẹ̀dì, Ammini ń sùn sórí ẹní ní apá kejì. Lathika ránṣẹ́ láti Coimbatore pé ṣé ìyá òun kò ní ara tirẹ̀ tó ń rò ni. Ọ̀sán ọjọ́ kan tí Vilasini lọ gba oúnjẹ, Ammini sún mọ́ Renju.

"Renju, mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún ọ. Ọjọ́ tí mo wá sí àgbàlá yín, tí mo ń gbọ̀n, kò sí òrìṣà lára mi. Mo tàn yín ni."

"Mo mọ̀, Àǹtí."

"O mọ̀ kẹ̀?"

"Òrìṣà wo ló máa ń ní kí èèyàn mú káàdì ráṣọ̀n dání?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa Ammini, ẹkún náà fẹ́ pa á. "Kí ló dé tí o ò wí?"

"Ta ló máa gbọ́ mi? Ẹ̀yin gan-an tẹ́ ẹ wí, ta ló gbọ́?"

"Oògùn tí wọ́n dà nù ńkọ́? Kí ló dé tí o jẹ́ kí wọ́n dà á?"

Ọmọ náà wo báńdéèjì ọwọ́ rẹ̀ títí. "Wọ́n ní mo ti sàn. Èmi náà fẹ́ kó jẹ́ òótọ́."

Ammini ń fi abẹ̀bẹ̀ lé eṣinṣin fún un títí ìyá rẹ̀ fi dé. Nígbà tí Vilasini dé, Ammini sọ ọ́ fún òun náà. Kò fi ohun kankan pamọ́, àní ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ tó kú lọ́mọ ọdún méjì, ó sọ ọ́. Vilasini fi àwo oúnjẹ sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, tó bá jẹ́ irọ́ ni, ó yẹ kẹ́ ẹ ti pa á kí wọ́n tó fi ẹgba kan ọmọ mi rárá." Lẹ́yìn náà ló sunkún. "Ó sì tún yẹ kẹ́ ẹ ti sọ òótọ́ fún mi ní ọjọ́ kejì."

"Òótọ́ lo sọ," ni Ammini wí. "Méjèèjì ló yẹ kí n ti ṣe."

Nígbà tí wọ́n padà sílé, ọwọ́ Renju fúnra rẹ̀ ni oògùn wà. Dókítà ti ṣàlàyé fún un pé ọ̀rọ̀ ọdún mélòó kan ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé ara yá lónìí. Ó ń sàmì sí ẹ̀yìn ìwé rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá lò ó. Ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ méjì kò nà mọ́. Ó ṣàṣeyọrí nílé ìwé, ó ríṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù aṣọ kan ní Ottapalam, ó mọ bí a ti ń fi ọwọ́ kan ká aṣọ. Ní ti Màmá Cheeru, títí ó fi kú ni kò gbà. Ó ní òrìṣà bínú fi Ammini sílẹ̀ ni, nítorí ó sẹ́ ẹ.

Jayadevan tún ránṣẹ́ pè é. Ó ti darúgbó, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Ó tẹ ṣọ́ọ̀bù tíì láago, Kunjappu sì sáré wá pè é.

"Ammini, fíìmù ńlá ni. Gbígbọ̀n ẹ̀ẹ̀kan péré."

"Ejìká mi ti kú, ọ̀gá. Ẹ jẹ́ kí n ṣe ìyá dókítà."

Ó gbọ́ bó ṣe ń rẹ́rìn-ín nínú fóònù. "Ta ló máa rí ọ kó gbà pé ìyá dókítà ni ọ́?"

"Ó dáa," ni Ammini wí. Ó gbé fóònù kalẹ̀. Kò ṣe fíìmù mọ́.

Àwọn tó ń wá sílé rẹ̀ dín kù, ṣùgbọ́n wọn kò tán. Ó ti pé ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, ó ta màlúù nítorí orúnkún, síbẹ̀ wọ́n ń wá. Kì í bá wọn jiyàn mọ́. Ó ti rí i pé bí òun bá ní "ẹ lọ sí ọsibítù," wọ́n á tẹ́ríba, wọ́n á lọ, wọ́n á sì gba ọ̀nà ibòmíràn. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò gbé ẹnikẹ́ni dé Thrissur.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan lásìkò òjò, obìnrin kan wá láti Pattambi pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Òwú dúdú mẹ́ta ló wà lọ́rùn ọmọ náà. Obìnrin náà gbé òdòdó kalẹ̀, ó fẹ́ kúnlẹ̀.

"Má kúnlẹ̀, ilẹ̀ tutù. Ọjọ́ mélòó ni?"

"Ọjọ́ mẹ́rin, Ìyá."

Ammini mí kanlẹ̀. Ó ti gbé ìrẹsì olómi rẹ̀ kaná, ó yọ ọ́ kúrò. Ó wọ bàtà, ó mú agbòòrùn, ó ti ilẹ̀kùn.

"Ìyá, níbo lẹ̀ ń lọ?"

"Ibi tí ò ń lọ náà ni. Gbé ọmọ náà wá, apá rẹ ti ń gbọ̀n."

Bọ́ọ̀sì kún, wọ́n dìde fún wọn. Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu ọ̀nà rí i, ó mirí.

"Màmá, ẹ tún dé?"

"Mo tún dé."

Wọ́n gbé ọmọ náà wọlé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ìyá rẹ̀ tẹ̀lé e. Ammini jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, láàárín àwọn èèyàn tó ń dúró de nọ́ńbà wọn, aṣọ rẹ̀ tutù dé orúnkún. Ẹni tó jókòó tì í bi í pé ta ló ń ṣàìsàn nínú ilé rẹ̀. Ó ní kò sẹ́nì kankan. Ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó na ẹsẹ̀, ó sì ń dúró.